Ọ̀rọ̀ Ilé-Ìwé Dé Etí Òbí: Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò ní Ìgbà Kòrónà

Kí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà tó gba ìgboro, ońṣẹ́ kan pàtàkì ni àwọn ilé-ìwé girama kékeré, tí gbogbo wa mọ̀ sí Júníọ̀, gbójú lé láti bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, ońṣẹ́ náà sì ni ọmọ fúnra rẹ̀. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá fẹ́ kí àwọn òbí wá sí ìpàdé PTA, bí ó bá fẹ́ kéde ọjọ́ tí ìdánwò yóò bẹ̀rẹ̀ tàbí ọjọ́ tí ìsinmi yóò parí, wọn a tẹ ìwé pélébé kan, wọn a pín in fún àwọn ọmọ nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí agogo ìparí lù, ọmọ a ká tirẹ̀ sí mẹ́rin, a tì í sáàárín ìwé ìṣirò àti ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ó di ilé. Nígbà mìíràn lẹ́tà náà a dé ọwọ́ ìyá ní ọjọ́ náà gan-an. Nígbà mìíràn ìyá a bá a ní ìsàlẹ̀ àpò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tí epo àkàrà ti yí i lára, tí ìpàdé tí a torí rẹ̀ kọ ọ́ sì ti tú ká. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kànlá tí bọ́ọ̀lù ń dúró dè ní òpópónà kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì. Síbẹ̀ a kò rí ẹni tí ó ráhùn púpọ̀, nítorí bí ọmọ kan bá gbàgbé, ọmọ ilé kejì yóò rántí, ọ̀rọ̀ a sì fi bẹ́ẹ̀ dé ibi tí ó ń lọ.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, ilẹ̀ àwọn Àwórì ní etí ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, jẹ́ ibi tí irú ońṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí lọ bí ewé. Ẹni tí ó bá dúró ní Ìyànà-Ìbà ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé yóò rí wọn bí wọ́n ti ń tú jáde nínú ọkọ̀ èrò àti kẹ̀kẹ́ Márúwá, àwọn tí ó ti Ajángbádì wá, àwọn tí ó ti Ṣíbírí wá, àwọn ọmọ inú ẹ̀sìtéètì Ìbà, àwọn ọmọ sójà láti bárékè Ọ̀jọ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sì ń gba àárín wọn kọjá lọ sí ẹnu ọ̀nà LASU. Ìyá ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tajà ní Ìyànà-Ìbà tàbí ní Òkokomáíkò, bàbá ń wa ọkọ̀, tàbí kí ó máa ṣiṣẹ́ ní Alábà, ọjà tí wọ́n ti ń wá ra rédíò àti tẹlifíṣọ̀n láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ti Alábà yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà sórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn ní Èkó pé ará Ítálì kan tí ó wá ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ti gbé àrùn náà wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní Ọjọ́bọ̀ 19 oṣù Kẹta, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé kí gbogbo ilé-ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni, ti ilẹ̀kùn wọn láti ọjọ́ Ajé 23 oṣù náà. Ẹ wo bí ó ti rí: ọjọ́ Ẹtì kan péré ni ó kù tí ońṣẹ́ àtijọ́ náà ṣì lè fi jẹ́ iṣẹ́. Ilé-ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ tètè ta gìrì ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, tí ó ní kí olùkọ́ kíláàsì kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà fóònù ìyá, ti bàbá àti ti aládùúgbò kan lọ́wọ́ ọmọ, ti rí ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi oṣù púpọ̀ wá kiri; èyí tí ó rò pé ìsinmi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lásán ni, tí ó kàn sọ fún àwọn ọmọ pé ó dàbọ̀, jẹ́ kí ońṣẹ́ rẹ̀ lọ láìrán an ní nǹkan kan. Láti ọjọ́ 26 oṣù náà ni ọjà gbogbo ti di títì, àfi ti oúnjẹ, ti oògùn àti ti àwọn ohun kòṣeémáàní mìíràn. Nígbà tí ó sì di aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30, àṣẹ kónílé-ó-gbélé tí Ààrẹ Muhammadu Buhari pa fún Èkó, Ògùn àti Àbújá bẹ̀rẹ̀, a kò sì dẹ okùn rẹ̀ títí di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún.

Ohun tí ó dé bá ojú ti dé bá imú: àjọ UNESCO ṣírò rẹ̀ pé ní oṣù Kẹrin ọdún náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ìwé tì mọ́ ní gbogbo àgbáyé lé ní bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá sì ń ròyìn àkókò náà, ẹ̀kọ́ ni wọ́n sábà máa ń sọ, bí ìjọba Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ti gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, àti bí kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́, Arábìnrin Fọláṣadé Adéfìsáyọ̀, ti ń rọ àwọn òbí pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ jókòó tì í. Ohun rere ni wọ́n ṣe, n kò sì ní bù ú kù. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tí ó ṣáájú ẹ̀kọ́ ni ìròyìn. Ta ni yóò sọ fún ìyá alátà ní Òkokomáíkò pé aago báyìí ni, ilé-iṣẹ́ rédíò báyìí ni, kíláàsì báyìí ni ó kàn? Ọjọ́ tí a ti ilé-ìwé pa ni a ti ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ń gbà dé ilé pa pẹ̀lú, nítorí ońṣẹ́ ti jókòó sílé, kò sí ibi tí yóò ti gba iṣẹ́ tí yóò jẹ́.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àrùn yóò dán ọ̀rọ̀ wò ní Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918 ni ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Bida gbé àrùn ọ̀fìnkìn ńlá ayé ìgbà náà wọ èbúté, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó sì ń wọ ilé dé ilé. Àwọn ará ìlú tí kò mọ ohun tí wọ́n ń wá ń sá fún wọn, àwọn mìíràn sá kúrò ní Èkó lọ sí ìgbèríko, àrùn sì bá wọn lọ. Ní ọdún 2014, nígbà tí Patrick Sawyer gbé Ebola dé láti Làìbéríà ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, ìjọba sún ọjọ́ ìwọlé àwọn ọmọ ilé-ìwé síwájú. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ ìjọba tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti gba gbogbo fóònù lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ pé kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ìròyìn sì jáde lẹ́yìn náà pé àwọn kan ti bá a lọ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ìró kan tàn ní Ìpínlẹ̀ Ànámbrà pé àwọn sójà ń gún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àrùn ní ilé-ìwé, àwọn òbí sì ya wọ inú ọgbà, wọ́n ń fa ọmọ wọn jáde kúrò nínú kíláàsì. Irọ́ ni, àmọ́ ẹ má bá àwọn òbí náà wí púpọ̀ jù. Ẹni tí ilé-ìwé kì í bá sọ̀rọ̀ àfi nígbà tí ó bá fẹ́ gba owó, ta ni yóò gbà gbọ́ nígbà tí ẹ̀rù bá dé?

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí Ọ̀jọ́. Nígbà tí ońṣẹ́ ti wà nílé, fóònù ni ó kù, àwọn olùkọ́ sì ṣí ìwé orúkọ kíláàsì wọn kí wọ́n lè wo nọ́ńbà tí a kọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tí ọmọ wọlé. Ẹni tí ó bá ti ṣe olùkọ́ rí mọ ohun tí wọ́n bá pàdé: nọ́ńbà kan ti kú, òmíràn jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n bàbá tí ó ti kó lọ sí Ìbàdàn, òmíràn jẹ́ ti ọkùnrin tí kò mọ ọmọ náà rí, ẹni tí ó ra káàdì SIM tí ẹni àkọ́kọ́ ti sọ nù. Olùkọ́ tí ó bá tẹpẹlẹ mọ́ ọn a máa pe ọ̀kan kí ó lè fi rí ìkejì: ‘Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí ilé ìyá Tọ́ba, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n tẹ̀ mí láago.’ Owó ara rẹ̀ ni ó fi ń ra káàdì ìpè, kò sì sí ẹni tí ó dá a padà fún un.

Gúrúùpù WhatsApp kíláàsì ni ó wá di ọ̀nà tí ó yára jù lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Alábà tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ti jáde. Kò sí ọjà tí ó tó Alábà nínú títa ohun abánáṣiṣẹ́ ní gbogbo agbègbè wa, síbẹ̀ ní àdúgbò tí kò jìnnà sí ibẹ̀, fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì tí kò mọ WhatsApp ni ìyá ọmọ mẹ́rin ń lò, bàbá ni ó ni èyí tí ó tóbi, ó sì ń gbé e jáde lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Nígbà kónílé-ó-gbélé, tí bàbá pàápàá wà nílé, Alábà ti tì, kò sí ẹni tí yóò bá ni tún ojú fóònù tí ó fọ́ ṣe, iná mọ̀nàmọ́ná kò sì dúró, dátà sì wọ́n fún ẹni tí kò jáde lọ pawó. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ohun tí à ń pè ní àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, èyí tí ó ń dún tín-ín lórí fóònù kékeré láìlo dátà, wúlò ju ohunkóhun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lè là sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbàkúùgbà tí mo bá rántí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ni kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì tí ilé-ìwé fi ń kọ̀wé, nítorí náà ọmọ ni wọ́n ń pè kí ó wá kà á fún wọn. Ọmọ tí a gba iṣẹ́ ońṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé tún wá di ògbufọ̀ nínú yàrá! Olùkọ́ a kọ ọ́ pé ọmọ yìí kò tíì fi iṣẹ́ àṣetiléwá ọ̀sẹ̀ méjì ránṣẹ́; ọmọ a wo ojú fóònù, a wúkọ́ díẹ̀, a ní, ‘Màmá, wọ́n ní kí ẹ ra dátà fún mi.’ Àwọn baba wa ti sọ pé ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Àmọ́ kí ni a ó ti wí nígbà tí ọ̀rọ̀ tí ońṣẹ́ gbé lọ́wọ́ jẹ́ ẹjọ́ ara rẹ̀?

Àwọn olùkọ́ tí ọgbọ́n kún inú wọn rí i pé ohùn ni ó lè borí èyí. Wọ́n fi ìka tẹ fóònù, wọ́n sì bá ìyá sọ̀rọ̀ tààrà, ní èdè tí ìyá fi ń ná ọjà. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ tí a fi ránṣẹ́ báyìí ni à ń pè ní fóìsì. Fóìsì tí ó dára kì í gùn, bí irú èyí: ‘Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá àwọn ọmọ JS2. Olùkọ́ kíláàsì wọn ni mo jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ wá sí ilé-ìwé ní Mọ́ńdè o, JS3 nìkan ni ìjọba pè. Ẹ má san owó kankan fún ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀rọ̀ bá yí padà, èmi náà ni n ó pè yín.’ Ẹ fi èyí wé ìwé àṣẹ olójú-ewé méjì tí ó ti ọ́fíìsì wá, tí a ya fọ́tò rẹ̀ níbi tí iná kò tàn sí, tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sì ti ré kúrò, tí a wá jù sínú gúrúùpù láìsí ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kò lè rí ojú ara wa, ohùn ẹni tí a mọ̀ ni ó súnmọ́ ojú jù. Nítorí pé Àwórì, Ẹ̀gùn, Ìgbò, Hausa àti Ìlàjẹ ni wọ́n jọ ń gbé agbègbè náà, ibi tí Yorùbá kò bá dé, ‘broken’ a máa dé ibẹ̀, tàbí kí òbí kan tí ó gbọ́ Ẹ̀gùn tún un sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀.

A máa ń sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odindi. Òótọ́ ni, ní ìgbà tí ara rọ̀. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, bí àbọ̀ ọ̀rọ̀ bá dé inú ènìyàn, ẹ̀rù ni yóò bá a parí, odindi tí yóò sì dà kò ní jọ ohun tí a rán. Bí ilé-ìwé bá ní ‘a óò wọlé láìpẹ́’, láàárín ọjọ́ kan yóò ti di ‘a wọlé lọ́la’ ní Òkokomáíkò, yóò sì ti di ‘wọ́n ti wọlé lánàá’ kí ó tó dé Igbó-Ẹlẹ́rìn. Nítorí náà ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú ọ̀rọ̀ ni ọjọ́, kíláàsì tí ó kàn, ohun tí ọmọ yóò mú lọ́wọ́, àti ẹni tí àṣẹ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, kí òbí lè mọ̀ bóyá ìjọba Èkó ní Alausa ni, tàbí ọ́fíìsì ẹkùn ẹ̀kọ́ karùn-ún ní Àgbojù tí ilé-ìwé Ọ̀jọ́ wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀. Èyí tí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó dúró. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Ti èsì ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kò kà sí. Àwọn kan ti gúrúùpù wọn pa, débi pé alábòójútó nìkan ni ó lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọ́n ní àwọn òbí ń fi àdúrà àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí a dárí kún un ní òru. Mo mọ ohun tí ojú wọn rí. Olùkọ́ tí ó bá jí ní aago márùn-ún tí ó bá ọgọ́rin iṣẹ́ lórí fóònù rẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn ń ṣàlàyé bí ewé dóńgóyárò ṣe ń lé Kòrónà, tí òmíràn ń fi orúkọ dá aládùúgbò kan tí wọ́n ní ó ń wúkọ́ lẹ́bi, ènìyàn ni òun náà. Ti orúkọ yìí tilẹ̀ burú jù, nítorí ọmọ aládùúgbò náà lè wà ní kíláàsì kan náà. Ṣùgbọ́n etí tí ó gbọ́ àlọ ni í gbọ́ àbọ̀. Bí òbí kò bá lè béèrè, báwo ni ilé-ìwé yóò ṣe mọ̀ pé ọmọ ti bá ìyá rẹ̀ lọ sí abúlé, tàbí pé ebi ni ó wà nílé, kì í ṣe ìwé? Ọ̀nà tí ó dára tí mo rí ni ti àwọn tí wọ́n fi gúrúùpù sílẹ̀ fún ìkéde nìkan, tí olùkọ́ sì yan wákàtí kan ní ìrọ̀lẹ́ tí òbí lè pè é.

Ní ti àwọn erékùṣù àti abúlé etí ọ̀sà bí Ìrẹ̀wẹ̀ àti Táfì, tí ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ kan náà ni wọ́n wà, ọkọ̀ ojú omi ni ó so wọ́n mọ́ èbúté, ẹni tí ó ń tukọ̀ sì ni ìròyìn máa ń bá rìn nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kọ̀. A kì í sábà kọ irú ońṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ètò.

Ọdún ń lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn SS3, nítorí ìdánwò WAEC tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17, àwọn ọmọ Júníọ̀ sì jókòó wò. Ó di ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án kí a tó pe JS3 ti ilé-ìwé ìjọba pẹ̀lú SS2, kí àwọn ọmọ JS3 lè múra ìdánwò àṣejáde wọn. Àwọn kíláàsì yòókù tẹ̀lé wọn ní oṣù Kẹwàá. Ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí ni ìròyìn ṣòro jù, nítorí ilé-ìwé kò tì mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ṣí tán. Ìyá tí ó ní ọmọ kan ní JS1, ọ̀kan ní JS3, nílò ọ̀rọ̀ méjì tí kò jọra. Àwọn ọmọ a dé ẹnu ọ̀nà, a bá garawa omi onírọ̀ọ́bù àti ọṣẹ, a bá olùkọ́ tí ó di ìbòmú mú, tí ó ń na ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ooru ara sí wọn níwájú orí. Èyí tí kò bá sì ní ìbòmú, tàbí tí kò kan ọjọ́ rẹ̀, a padà sílé. Iye ọmọ tí ó bá padà bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ ni a fi lè mọ bí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ti dé ilé tó.

Kò sì pẹ́ tí ohun tí kì í ṣe àrùn fi dé. Nígbà tí ìwọ́de EndSARS, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi tako ìwà ìkà ọlọ́pàá, gba ojú pópó, ìjọba ní kí àwọn ọmọ dúró sílé láti ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá. Ọ̀rọ̀ òru ni, kò sí lẹ́tà tí ọmọ lè gbé. Ibi tí a ti tún ìwé nọ́ńbà ṣe ní àkókò Kòrónà, ibẹ̀ ni ìpè ti dé ọ̀dọ̀ òbí kí ọmọ tó wọ aṣọ ilé-ìwé. Ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ni wọ́n padà.

Oṣù Kejìlá ni àrùn tún gbérí lẹ́ẹ̀kejì, ìjọba Èkó sì tún ti ilé-ìwé. Wọ́n dá ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2021 fún ìwọlé, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ náà ti ń súnmọ́ ni Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Adamu Adamu, ní àwọn ń tún un gbé yẹ̀ wò, àwọn aṣojú-ṣòfin sì ní kí wọ́n sún un síwájú. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìbéèrè kan náà ni ó ń dún lórí fóònù àwọn olùkọ́ Ọ̀jọ́ láti àárọ̀ di alẹ́: ‘Tíṣà, ṣé ọjọ́ kejìdínlógún náà ṣì ni?’ Èsì tí ó dára jù tí mo gbọ́ ni ti olùkọ́bìnrin kan tí kò fi ìtìjú bò ó pé òun kò mọ̀. Ó ní, ‘Ẹ̀yin ìyá, a kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Bí a bá gbọ́ lónìí, ẹ ó gbọ́ lónìí. Kí a tó gbọ́, ẹ má gba ti ẹnikẹ́ni.’ Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìjọba fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọjọ́ náà kò yí padà, olùkọ́bìnrin náà sì tún tẹ fóònù rẹ̀ láti sọ fún wọn.